Títọ́jú Ẹni tí ó Wà Lójú Ikú, àti Títu Ẹni tí ó Kù Nínú



Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀: àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Òtítọ́ ni òwe náà, a kò sì dìde láti bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di àwáwí. Nígbà tí oníṣègùn bá mi orí, tí ó ní kí á máa gbé aláìsàn wa lọ sí ilé nítorí pé kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, a a máa pa òwe yìí bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ní ìrọ̀lẹ́ òní ni pé iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i, nítorí ọ̀tọ̀ ni wíwò sàn, ọ̀tọ̀ ni títọ́jú. Ẹni tí a kò lè wò sàn mọ́, a ṣì lè tọ́jú rẹ̀ títí èémí yóò fi bọ́; a sì lè tọ́jú àwọn tí ó fi sílẹ̀.

Kí á tó sọ ìtàn àwọn ẹlòmíràn, ó tọ́ kí á jẹ́wọ́ ti ara wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn a lọ bẹ àgbà ìjọ kan wò, ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀ wá pé kí á má ṣe jẹ́ kí bàbá mọ bí àìsàn náà ti le tó. A wọlé, a kọrin, a gbàdúrà ìmúláradá. Nígbà tí a dìde láti máa lọ, bàbá di ọwọ́ wa mú, ó sì bi wá pé, “Àlùfáà, ṣé mò ń lọ ni?” A yára dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara yín yóò yá, ẹ ó sì tún jókòó ní ààyè yín nínú ìjọ.” Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ wa, ó sì yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó sùn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan wà láàrin òun àti àbúrò rẹ̀ tí ó fẹ́ kí á bá wọn parí. Àwa ni ó kàn ilẹ̀kùn mọ́, àwa ni a kò sì ṣí i fún un. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti jókòó ti ẹni tí ń kú, kí wọ́n má sì sá fún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín ọ̀rọ̀ wa sí: èkíní, bí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, èkejì, bí ó ti dé ilẹ̀ Áfíríkà àti ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀kẹta, ìtọ́jú àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀.

Ilé tí àwọn Òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní họ́sípísì. Ní àtijọ́, ilé àwọn èrò ọ̀nà ni, tí àwọn ẹlẹ́sìn kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn tí ń rin ìrìn àjò lọ sí ibi mímọ́, kí àárẹ̀ àti àìsàn má bàa pa wọ́n sójú ọ̀nà. Ní ọdún 1842, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin kan tí à ń pè ní Jeanne Garnier dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí àrùn wọn kò gbóògùn mọ́. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú pẹ̀lú. Dípò kí ó ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó kó àwọn opó mìíràn jọ, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú àwọn aláìsàn náà. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ará: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni tí ń kú ń fẹ́. Ní ọdún 1879 àwọn Sístà ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Ireland ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Dublin; ní ọdún 1905 wọ́n ṣí òmíràn, tí à ń pè ní St Joseph, láàrin àwọn òtòṣì ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ìfẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa dídín ìrora kù kò tíì pọ̀. Nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá ẹ̀wẹ̀, ìmọ̀ ń gòkè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò lè wò sàn a máa di ẹni ìtìjú, tí dókítà ń rìn kọjá lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ láì dúró. Ẹni tí ó so ìfẹ́ àti ìmọ̀ pọ̀ ni Cicely Saunders.

A bí Saunders ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1918. Ó ń kàwé ní Oxford nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ náà pẹ́, nítorí náà ó di òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó àlámọ̀rí ilé àti ìdílé àwọn aláìsàn. Nínú iṣẹ́ yìí ni ó ti pàdé David Tasma, ọmọ Júù kan láti ilẹ̀ Poland, tí ń ṣe iṣẹ́ agbáwo ní ilé oúnjẹ. Ẹni ogójì ọdún ni, jẹjẹrẹ ń pa á lọ, kò sì ní ẹbí nítòsí. Saunders a máa lọ jókòó tì í, àwọn méjèèjì a sì máa sọ̀rọ̀ nípa irú ilé tí ì bá dára fún ẹni bẹ́ẹ̀ láti kú sí. Nígbà tí Tasma kú ní oṣù kejì ọdún 1948, ó fi £500 sílẹ̀ fún un, ó ní kí òun jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tí yóò kọ́. Ní ọjọ́ náà kò sí ilé, kò sí ilẹ̀, kò sí ẹgbẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Saunders fi kọ́ ilé yí fèrèsé náà ká.

Ohun tí ó ṣe láàrin ọdún wọ̀nyí ni ó yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó a máa lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé St Luke, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn òtòṣì tí ń kú. Níbẹ̀ ni ó ti rí ohun kan. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, wọn a máa dúró títí ìrora yóò fi bo aláìsàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní mọ́fíìnì, oògùn tí a ń rí láti inú oje òdòdó pọ́pì, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò di bárakú fún un. Ní St Luke, aago ni wọ́n ń wò: kí agbára oògùn ti ìṣáájú tó tán nínú ara, òmíràn ti dé. Oníṣẹ́ abẹ kan, Norman Barrett, gbà á níyànjú pé kí ó lọ kọ́ ìṣègùn, nítorí àwọn dókítà ni ó ń sá fún ẹni tí ń kú, wọn kò sì ní gbọ́ ti ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó padà sí ẹsẹ̀ àwọn olùkọ́. Ní ọdún 1957 ó di dókítà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní St Joseph, ó sì ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀ nípa àwọn aláìsàn rẹ̀, àwọn tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àkọsílẹ̀ náà fi hàn pé àwọn tí a fún ní mọ́fíìnì ní àkókò tí ó yẹ, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, kò di ẹrú rẹ̀. Ojú wọn mọ́, ọkàn wọn sì balẹ̀. Wọ́n lè bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n lè gbàdúrà, wọ́n lè jẹun.

Ní ọdún 1967 ni ó ṣí ilé tirẹ̀, St Christopher, ní Sydenham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Fèrèsé Tasma sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1969 àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó tàn jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìrora ẹni tí ń kú kì í ṣe ti ara nìkan. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ilẹ̀ wa sọ ọ́. Ìyá kan wà lórí ẹní, jẹjẹrẹ wà ní ọmú rẹ̀: ìrora ti ara nìyẹn. Kò mọ ẹni tí yóò san owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ọkọ rẹ̀ sì ti ń ka yàrá: ìrora ti ilé nìyẹn. Kì í sùn lóru nítorí ìbẹ̀rù: ìrora ti ọkàn nìyẹn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe tí Ọlọ́run fi kọ òun sílẹ̀: ìrora ti ẹ̀mí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fún un ní oògùn nìkan ti fi mẹ́ta sílẹ̀ nínú mẹ́rin. Ẹni tí ó bá sì gbàdúrà fún un nìkan, tí kò wá oògùn ìrora, òun náà ti fi púpọ̀ sílẹ̀; nínú ẹ̀ṣẹ̀ kejì yìí ni àwa àlùfáà ti jẹ̀bi jù.

Saunders kò kọ́ni láti fa ikú súnmọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sì kọ́ni láti máa fi agbára dá ẹni tí ń lọ dúró lójú ọ̀nà. Láàrin ọ̀nà méjèèjì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ Balfour Mount gbé iṣẹ́ náà lọ sí Montreal ní Kánádà ní nǹkan bí ọdún 1974, ó wá orúkọ mìíràn fún un, ó sì mú èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ nínú èdè Látìnì jẹ́ aṣọ ìbora. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Aṣọ ìbora kì í lé ọyẹ́ kúrò láyé, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọyẹ́ pa ẹni tí ó fi bora. Ní ọdún 1986 Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà jáde lórí ìrora jẹjẹrẹ, bí àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta: oògùn ìrora tí ó wọ́pọ̀ ní ìpele kìíní, èyí tí ó le díẹ̀ ní ìkejì, mọ́fíìnì àti irú rẹ̀ ní ìkẹta, kí á gbé e gba ẹnu, kí á sì tẹ̀ lé aago. Saunders tìkára rẹ̀ sùn ní ọdún 2005, nínú ilé St Christopher tí ó kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.

Nísinsìnyí kí á wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Harare ní Simbábúè ni a ti kọ́kọ́ dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1979. Nairobi tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n Ùgáńdà ni ó fi hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn olówó nìkan. Anne Merriman, dókítà ọmọ ìlú Liverpool, tí ó ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ Àgùdà ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, dé Kampala ní ọdún 1993, ní ìgbà tí jẹjẹrẹ àti àrùn éèdì ń pa ènìyàn nínú ìrora kíkorò. Kò kọ́ ilé ńlá. Ó ra ìyẹ̀fun mọ́fíìnì, a pò ó mọ́ omi, a rọ ọ́ sínú ìgò, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbé e lọ sí ilé àwọn aláìsàn ní abúlé. Nítorí pé dókítà kò tó, ìjọba Ùgáńdà yí òfin padà ní ọdún 2004, kí àwọn nọ́ọ̀sì tí a ti kọ́ dáradára lè kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Merriman sùn ní ọdún 2025. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sùn.

Ní ọ̀dọ̀ wa, Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì tí a ṣí ní ọdún 1957. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, oníṣègùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi oògùn sun aláìsàn fún iṣẹ́ abẹ àti dídín ìrora kù, wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò títí dé ilé wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì pọ̀, alágbàṣe kò tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ní ọdún 2020 pé ó tó mílíọ̀nù 56.8 ènìyàn tí ó nílò ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí mẹ́rìnlá péré ni ó ń rí i gbà. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé nínú 298.5 tọ́ọ̀nù mọ́fíìnì àti irú rẹ̀ tí a ń pín kárí ayé lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Èyí kì í ṣe àìsí owó nìkan, nítorí mọ́fíìnì onípò-omi kò wọ́n. Ìbẹ̀rù ni: ìbẹ̀rù òfin, ìbẹ̀rù bárakú, àti ìbẹ̀rù tiwa nínú ìjọ, pé ẹni tí ó bá gba oògùn ìrora ti sọ ìrètí nù. Àwa kò rí àìnígbàgbọ́ kankan nínú kí ènìyàn sùn lóru.

Ó wá ku àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀. Ní ọdún 1969 Elisabeth Kübler-Ross, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan nípa àwọn aláìsàn tí ń kú, tí òun ti jókòó tì tí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ó rí ohun márùn-ún nínú wọn: kíkọ̀ láti gbà, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìbànújẹ́, àti gbígbà níkẹyìn. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ènìyàn sọ ọ́ di àkàsọ̀ tí gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ní ìtẹ̀léra. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí sì rí i pé ọ̀fọ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Opó lè rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀, kí ó gbé abọ́ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀sán, kí omijé sì dà. Ní St Christopher, Colin Murray Parkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò kí àwọn ènìyàn bí ẹ̀yin àti àwa, tí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, máa bẹ àwọn ìdílé wò lẹ́yìn ikú. Ní ọdún 1996 àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Klass, Silverman àti Nickman, kó ìwé jọ láti fi hàn pé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kò ní láti já okùn láàrin òun àti òkú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé.

Àwọn bàbá wa mọ ìtùnú. Wọ́n kọ́ wa láti wí pé, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù.” Wọ́n kọ́ wa kí á má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ dá sùn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí à ń kùnà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, a a máa yára wí fún un pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n bí a bá pa á ní ọjọ́ kìíní, ó di ìdérí lórí ìkòkò tí ń hó. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, kì í ṣe pé a tù ú nínú. Ẹ wo ìsìnkú wa pẹ̀lú. A ti rí ilé tí kò sí ẹni tí ó ra oògùn ìrora fún bàbá fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí a ra aṣọ ẹbí, tí a pa màlúù, tí a sì jẹ gbèsè nítorí òkú rẹ̀. Nígbà tí ìdúpẹ́ bá parí, tí àwọn alága bá padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni wọ́n, ilé a dákẹ́. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀fọ̀ opó ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń kàn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ohun mẹ́rin ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ mú lọ sí ilé. Bí dókítà bá ní kí ẹ gbé ẹni yín lọ, ẹ bi í léèrè irú oògùn ìrora tí ẹ ó máa fún un àti iye ìgbà. Kí ẹ má sì kọ mọ́fíìnì bí ó bá kọ ọ́ fún un. Bí aláìsàn bá béèrè òtítọ́, kí ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó bá ní ìjà láti parí tàbí ogún láti pín, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde. Ìwé Àdúrà wa pàápàá, nínú ìsìn ìbẹ̀wò aláìsàn, pàṣẹ fún àlùfáà pé kí ó gba aláìsàn níyànjú láti kọ ìwé ogún rẹ̀ àti láti sọ gbèsè rẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà bí àwa ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ yan ènìyàn méjì tí yóò máa bẹ ilé ọ̀fọ̀ wò ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, àti ní àyájọ́ ọjọ́ ikú náà, kì í ṣe láti wàásù, bí kò ṣe láti jókòó kí wọ́n sì gbọ́.

Ní ti àwa tìkára wa, a kò lè pe àgbà ìjọ yẹn padà. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún di ọwọ́ wa mú, tí ó bi wá bóyá òun ń lọ, a kò ní dìde mọ́. A ó fa àga súnmọ́ ibùsùn rẹ̀, a ó sì wí pé, “Bàbá, kí ni ẹ̀yin rò? Ẹ sọ ọ́ fún wa, a wà níhìn-ín.”